Ṣé "èéfín" ni ká máa pè é? Èsì láti Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin àgbà èdè, ẹ̀yin ọ̀gá mi gbogbo, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá.

Mo ti ka èsì gbogbo yín lórí ìwé ìléwọ́ tí wọ́n ní ká bá àwọn tú sí Yorùbá, èyí tó ń sọ bí ẹ̀ka ọrọ̀ ajé kọ̀ọ̀kan nílẹ̀ wa, láti orí iná mànàmáná títí dé oko àti àkìtàn, ṣe lè dín ohun tó ń tú sójú sánmà kù kí ayé má baà gbóná kọjá bó ṣe yẹ. Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Ọ̀yọ́ ní ká máa pè é ní "èéfín", kí àkọlé ìwé náà sì jẹ́ "Dídín Èéfín Kù". Àǹtí wa kan ní "gáàsì" ló dáa jù. Ẹlòmíràn mú "afẹ́fẹ́ olóró" wá. Ẹ̀gbọ́n fi kún un pé ìyá tó ń tajà l'Ákẹ̀sán gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan kó sì yé e. Lórí ìyẹn, ẹ̀yìn Ẹ̀gbọ́n ni mo wà gbágbáágbá. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká yẹ ohun tí yóò yé ìyá náà wò bí a bá pè é ní èéfín, torí ohun tó bá yé e ni yóò lọ ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n ti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yan gààrí bẹ̀rẹ̀, nítorí àárín wọn ni mò ń gbé. Èyí tó bá ń fi igi dáná, ẹ ó rí i lára rẹ̀. Ojú á pọ́n, omi á máa ṣàn gba ẹ̀rẹ̀kẹ́, páànù orí àtíbàbà á ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹ sọ fún un pé kó dín èéfín kù. Èédú ni yóò lọ rà, ta ni yóò sì dá a lẹ́bi? Èédú kì í rú bí igi. Ojú rẹ̀ á sinmi, àyà rẹ̀ náà á sinmi, n kò sì fojú kéré ìyẹn rárá. Ṣùgbọ́n èédú ọ̀hún ń ti Òkè-Ògùn bọ̀, láti apá Ìgbẹ́tì àti Kíṣí, nínú àpò tí wọ́n tò ga lórí ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹni tó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń sun ún mọ bó ṣe ń rí. Wọ́n á gé igi àyìn lulẹ̀, wọ́n á tò ó jọ, wọ́n á fi koríko bò ó, wọ́n á kó iyẹ̀pẹ̀ lé e, wọ́n á wá ṣáná sí i kó máa jó lábẹ́lẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Nínú irú òkìtì bẹ́ẹ̀, igi kìlógíráàmù márùn-ún, nígbà mìíràn tó mẹ́wàá, ló ń lọ sí i kí èédú kìlógíráàmù kan tó jáde. Ọ̀pọ̀ nínú ìyókù ti bá afẹ́fẹ́ lọ, mẹtéènì, ọ̀kan nínú àwọn afẹ́fẹ́ tí ìwé wa ń sọ, sì wà nínú rẹ̀, torí iná tí kò rí atẹ́gùn tó kì í jóná tán. Igi tí ì bá sì máa gba kábọ́ọ̀nù tó bá afẹ́fẹ́ lọ náà padà ti di àwátì. Ìyá yìí ti dín èéfín kù nínú àtíbàbà rẹ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́, ohun tí ìwé wa ń sọ ti pọ̀ sí i l'Ókè-Ògùn, ọ̀rọ̀ tí àwa fúnra wa yàn ló sì darí rẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ wá gbé e dé ọ̀dọ̀ awakọ̀ tó ń ná Ìbàdàn sí Ìlọrin. Lẹ́nu awakọ̀ àti mẹkáníìkì, "ọkọ̀ yìí ń rú èéfín" ní ìtumọ̀ tirẹ̀: ẹ́ńjìnnì ti ń jẹ ọ́ìlì. Bí wọ́n bá ti tún un ṣe tí èéfín ò jáde mọ́, lójú tirẹ̀ ó ti ṣe ohun tí ìwé ní kó ṣe. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lítà epo bẹntiróò kan tó jó tán pátápátá láìrú rárá ń tú kábọ́ọ̀nù-dáyọ́sáídì, olórí nínú àwọn afẹ́fẹ́ tí ìwé wa ń sọ, tó wọn nǹkan bíi kìlógíráàmù 2.3 síta. Ó wúwo ju epo náà fúnra rẹ̀ lọ, torí ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ti bá a pò pọ̀. Ohun tí ìwé ń bẹ awakọ̀ ni kí epo tó ń jó kéré sí i. Jẹnẹrétọ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù náà, bákan náà ló rí.

Màlúù tó dùbúlẹ̀ tó ń jẹ àpọ̀jẹ kì í rú èéfín kankan. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń gùfẹ̀, mẹtéènì ló ń tẹnu rẹ̀ jáde, tọ́ọ̀nù mẹtéènì kan sì ń ṣiṣẹ́ tọ́ọ̀nù kábọ́ọ̀nù-dáyọ́sáídì tó bí 28, bí a bá fi 100 ọdún wò ó. Ajílẹ̀ ìgbàlódé tí a fọ́n sídìí àgbàdo ju bó ṣe yẹ lọ, afẹ́fẹ́ mìíràn tó lágbára ju ti màlúù ló ń gba inú ilẹ̀ jáde lára rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ńtì ńkọ́, bíi Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn? Ju ìdajì kábọ́ọ̀nù tí iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ń tú síta ló ń ti inú òkúta ẹfun wá nígbà tí wọ́n bá ń sun ún, kì í ṣe láti ara iná tí wọ́n fi ń sun ún.

Èyí tó ká mi lára jù ni òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́. Ẹ lọ sẹ́yìn ibikíbi tí wọ́n bá ti ń lọ ẹ̀gẹ́ níbí, ẹ ó rí i, èyí tókè gbẹ, èyí tínú ń jẹrà, ó ń gbóná, ó ń rùn. Inú lọ́hùn-ún tí atẹ́gùn kò dé ni mẹtéènì ti ń jáde. Bí a bá pe ọ̀rọ̀ náà ní èéfín, kò sẹ́ni tí yóò ro ti òkìtì yìí mọ́ ọn. Òun sì ni àwọn obìnrin wa lè ṣe nǹkan sí láìná owó rẹpẹtẹ: kí wọ́n sá èèpo náà kó gbẹ, kó di oúnjẹ ewúrẹ́ àti àgùntàn, kí wọ́n sì tà á. Àwọn kan tilẹ̀ ti ń ṣe é. Wọ́n ń ṣe é nítorí owó, ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé tó yẹ kó yìn wọ́n kò gbọ́dọ̀ lo ọ̀rọ̀ tí yóò yọ iṣẹ́ wọn sílẹ̀.

"Gáàsì" ńkọ́? Àǹtí wa, ẹ má bínú. Gáàsì lẹ́nu gbogbo ilé ni èyí tó wà nínú sílíńdà. Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ lọ́dún 2023, ìjọba àpapọ̀ sì ti ń rọ àwọn awakọ̀ pé kí wọ́n yí ọkọ̀ wọn sí èyí tó ń lo gáàsì. Ìwé kan náà tó ń sọ pé "ẹ fi gáàsì dáná dípò èédú" ní ojú ewé kejì kò lè máa pariwo "ẹ dín gáàsì kù" lórí èèpo ìwé.

"Afẹ́fẹ́ olóró" bà mí lẹ́rù. Oró ni ohun tó ń pani. Kábọ́ọ̀nù-dáyọ́sáídì ni gbogbo wa ń mí síta, òun náà ni igi kajú tó yí Ògbómọ̀ṣọ́ ká ń jẹ kó tó so. Bí kò bá sí irú afẹ́fẹ́ yìí rárá lójú sánmà, ìwọ̀n ooru ayé ì bá wà ní nǹkan bí 18 sísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Selsius, bẹ́ẹ̀ 15 ló yí ká lókè òdo báyìí. Pípọ̀ tó ń pọ̀ sí i ló dá wàhálà sílẹ̀. Kí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó bẹ̀rẹ̀ ní Yúróòpù, nínú ìwọ̀n mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́, 280 péré ló jẹ́ kábọ́ọ̀nù-dáyọ́sáídì. Ó ti kọjá 420 báyìí. Bí a bá kọ́ ọmọ iléèwé pé oró ni, lọ́jọ́ tó bá gbọ́ pé ewé ń jẹ ẹ́, àwa ni kò ní gbà gbọ́ mọ́.

Mo rí i tí ẹnìkan tú orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, "greenhouse gas", ní olówuuru sí "afẹ́fẹ́ ilé ewéko". Àwọn tí òtútù ń pa ewébẹ̀ wọn ló ń kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀. Níhìn-ín, kò sẹ́ni tó ń wá ilé tí yóò bá a tọ́jú ooru.

Ó wá ku ìṣẹ̀dá tiwa. "Amóoru" kọ́kọ́ dùn mọ́ mi, títí mo fi fi ọ̀rọ̀ náà sínú gbólóhùn. "Ojú ọjọ́ móoru" ni a ń sọ bí ọ̀sán bá gbóná. Ẹni tó bá gbọ́ "afẹ́fẹ́ amóoru", afẹ́fẹ́ tó gbóná ni yóò máa wá. Afẹ́fẹ́ tí à ń wí yìí kì í gbóná fúnra rẹ̀. Oòrùn ràn sílẹ̀, ilẹ̀ gbóná, ilẹ̀ fẹ́ dá ooru náà padà sókè, afẹ́fẹ́ yìí ni kò jẹ́ kó kọjá tán. Bí aṣọ tí a fi bo ọmọ títí dé orí ló rí: ooru ara ọmọ ni aṣọ há mọ́lẹ̀, aṣọ kò dáná. "Amáyégbóná" bá "amúlétutù" mu dáadáa, etí sì gbà á, ṣùgbọ́n iná igbó pàápàá lè jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tó ń máyé gbóná. Kò yan afẹ́fẹ́ náà sọ́tọ̀.

Ohun tí mo mú wá ni "afẹ́fẹ́ asóorumọ́", ìyẹn a-sé-ooru-mọ́. A ti ní "sé" yìí nínú ìsédò, a ní i nínú ìsémọ́lé, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ó gùn, ó kúrú ju asọ̀rọ̀mágbèsì lọ. Lọ́dún 2020, odindi gbólóhùn, kónílé-ó-gbélé, di ọ̀rọ̀ lẹ́nu tọmọdé tàgbà kí oṣù tó yí po, torí pé ó ṣàlàyé ara rẹ̀. Fún títú tó ń tú jáde, "ìtúsáfẹ́fẹ́" tó mi, ó gba màlúù, ó gba òkúta ẹfun, ó gba òkìtì èèpo. Àkọlé wa á wá jẹ́ "Dídín Ìtúsáfẹ́fẹ́ Asóorumọ́ Kù".

Ohun kan kù tí ẹ kò tíì fọwọ́ kàn, ó sì léwu. Nínú ìlérí tí Nàìjíríà kọ sílẹ̀ lọ́dún 2021 fún ọdún 2030, ìdá 20 nínú 100 ni a ó fi agbára ara wa dín, ìdá 47 bí ìrànlọ́wọ́ bá ti òkèèrè wá. Ẹni tó túmọ̀ abala yẹn kọ "a ó dín in kù sí 20". Ọ̀tọ̀ ni "dín 20 kù", ọ̀tọ̀ ni "dín kù sí 20", ẹ jọ̀wọ́. Kí á sì sọ lára kí ni. Lára ohun tí ì bá jẹ́ ní 2030 bí a kò bá ṣe nǹkan kan ni, kì í ṣe lára ti òní. A lè mú ìlérí yẹn ṣẹ kí àpapọ̀ rẹ̀ ṣì ju ti òní lọ, ó sì yẹ kí Yorùbá wa sọ ọ́ kedere, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé a purọ́.

Èyí tó kẹ́yìn ni ọdún 2060, ọdún tí Ààrẹ Buhari dárúkọ níbi ìpàdé àgbáyé lórí ojú ọjọ́ ní Glasgow ní oṣù Kọkànlá 2021, pé ìgbà náà ni Nàìjíríà yóò dé ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "net zero". Wọ́n tú u sí "ìtúsáfẹ́fẹ́ òdo". Kò sí ìlú tó ṣèlérí pé òun kò ní tú nǹkan kan jáde mọ́. Wọ́n ní ohun tí àwọn bá tú kò ní ju ohun tí igi àti ilẹ̀ àti ẹ̀rọ lè gbà padà. Mo dábàá "ìtú-ìgbà dọ́gba". Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi ka á sétí àwọn ìyá l'Ákẹ̀sán, èmi náà á kà á sétí àwọn tiwa l'Ọ́jà Jagun, ká bi wọ́n pé kí ni wọ́n rò pé ó ń sọ, ká sì kọ ohun tí wọ́n bá wí síbí gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe wí i. Bí wọ́n bá ní ó le lẹ́nu, n kò ní takú sí i. "Òdo" lásán ni n kò lè fọwọ́ sí.