Táyà òsì tírélà ọkọ̀ ojú omi mi ń jẹ ní ẹ̀gbẹ́ inú nìkan: kí ló lè fà á?

Ẹni tó béèrè, Ìsánlú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi nínú ẹgbẹ́ yìí. Mo ní ọkọ̀ ojú omi kan tí a fi ń pẹja lórí adágún ìsédò Omi, tí a sì máa ń fi píkọ́ọ̀pù fà lọ sí Lọ́kọ́jà nígbà tí Odò Ọya bá kún. Tírélà kékeré tó ń gbé e kò ní ju ásùlù (irin gbọọrọ tó so táyà òsì àti ọ̀tún pọ̀) kan lọ. Táyà òsì ti jẹ ní ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí abẹ́ tírélà débi pé wáyà ti fẹ́ yọ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó wà níta ṣì nípọn dáadáa. Bí mo bá fi ọwọ́ pa ojú táyà náà sí apá kan, ó ń yọ̀. Bí mo bá pa á padà, ó ń gún mi lọ́wọ́ bí eyín ayùn. Táyà ọ̀tún jẹ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ dọ́gba. Fọkanáísà ní kí n ra táyà tuntun, ẹlòmíràn ní kí n dín afẹ́fẹ́ kù. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ ẹ́ kí n tó náwó, nítorí mi ò fẹ́ kí táyà bẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ láàárín àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó sìmẹ́ńtì jáde ní Ọbájànà.

Ọmọ ẹgbẹ́, Mọ̀pà

Ẹ má dín afẹ́fẹ́ kù rárá. Bí afẹ́fẹ́ bá kéré, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni yóò jẹ. Bí ó bá pọ̀ jù, àárín ni yóò jẹ. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo kì í ṣe ọ̀ràn afẹ́fẹ́.

Ọmọ ẹgbẹ́, Kàbà (mẹkáníìkì)

Òótọ́ ni àbúrò mi láti Mọ̀pà sọ. Ohun tí ẹ ṣàlàyé yìí jọ pé ẹsẹ̀ táyà náà kò dúró gbọọrọ mọ́: orí rẹ̀ ti fì sí inú, tàbí kí iwájú rẹ̀ máa yà síta nígbà tí ẹ bá ń lọ. Bí ojú rẹ̀ ṣe ń gúnni yẹn ló jẹ́ kí n fura sí yíyà síta, nítorí táyà tó ń yà kì í yí nìkan, ó tún ń fara ha ilẹ̀.

Béárìn, ohun tó ń jẹ́ kí táyà máa yí lórí ásùlù, ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Tírélà ọkọ̀ ojú omi máa ń wọ inú omi, omi a sì wọ inú họ́ọ̀bù (àárín ẹsẹ̀ táyà tí béárìn wà), a ba gíríìsì jẹ́. Ẹ fi jáàkì gbé e, ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ mì í. Bí ó bá ń ṣe gbọ̀ngbọ̀n, ẹ tún béárìn ṣe kí ẹ tó wọn ohunkóhun, nítorí béárìn tó ti dẹ̀ lè mú kí táyà fì bí ẹni pé ásùlù ló tẹ̀. Ẹ wo sípíríǹgì àti yú-bóòtù (irin tó tẹ̀ bíi U tó de ásùlù mọ́ sípíríǹgì) pẹ̀lú.

Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi wà lórí rẹ̀ kí ẹ tó wọn ọ́n, torí pé ọ̀pọ̀ ásùlù tírélà ni wọ́n rọ kí àárín rẹ̀ ga díẹ̀, kí ẹrù tó wá tẹ̀ ẹ́ gún. Ẹni tó bá wọn ọ́n lófìfo yóò ṣi ara rẹ̀ lọ́nà. Ẹ wọn láti ibi bọ́ọ̀lù tí a fi ń fà á dé ìpẹ̀kun ásùlù ní òsì àti ní ọ̀tún. Ìyàtọ̀ kò yẹ kó ju mílímítà 3 lọ. Kí ẹ wá wọn àlàfo tó wà láàárín táyà méjèèjì níwájú àti lẹ́yìn, ní ọ̀gangan họ́ọ̀bù.

Ọmọ ẹgbẹ́, Ẹ̀jìbà

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa yọ ohun tí a fi dí ihò ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ojú omi náà kí omi ṣàn jáde kí ẹ tó gbéra. Lítà omi 200 tó bá kù nínú rẹ̀ jẹ́ kìlógíráàmù 200 tí ásùlù yóò máa rù láìnídìí. Ọkọ mi máa ń gbàgbé èyí, mo sì máa ń rán an létí.

Ẹni tó béèrè, Ìsánlú

Mo dúpẹ́ púpọ̀. Béárìn kò mì, sípíríǹgì kò sì ṣẹ́. Láti ibi bọ́ọ̀lù, ìyàtọ̀ òsì àti ọ̀tún jẹ́ mílímítà 2. Ṣùgbọ́n àlàfo iwájú fi mílímítà 9 ju ti ẹ̀yìn lọ, okùn tí mo so òkúta mọ́ sì fi hàn pé orí táyà òsì fì sí inú. Ti ọ̀tún dúró gbọọrọ. Ṣé kí n gbé e lọ fún wẹ́dà kó fi iná nà án?

Ọmọ ẹgbẹ́, Kàbà (mẹkáníìkì)

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ásùlù kò yẹ̀ nípò. Ọwọ́ rẹ̀ ti òsì ló tẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ kòtò ló ṣe é. Iná máa ń dín agbára irin kù, èyí tí wọ́n bá sì fi iná nà lè ṣẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹ pààrọ̀ ásùlù náà sí èyí tí agbára rẹ̀ tó ìwọ̀n ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì àti epo pọ̀. Bí ẹ bá ti dè é, ẹ tún wọn ọ́n kí táyà tuntun tó gun orí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ táyà tòkunbọ̀ ni ẹ máa rà, ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT tí wọ́n tẹ̀ sí ara rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019.

Ẹni tó béèrè, Ìsánlú

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Tírélà náà kò ní kúrò nílé títí ásùlù tuntun yóò fi dé, n ó sì fi ìwọ̀n rẹ̀ ránṣẹ́ síbí kí ẹ bá mi wò ó kí n tó ra táyà.