Ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ fóòmù etí sípíkà àtijọ́?
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Sípíkà méjì kan wà lọ́wọ́ mi, ti bàbá mi ni, íǹṣì 10, wọ́n kọ 8 ohms sí ẹ̀yìn wọn. Fóòmù tó yí etí páálí wọn (èyí tó máa ń gbọ̀n tí ohùn fi ń jáde) ká ti jẹrà. Béèyàn bá fọwọ́ kàn án báyìí, ṣe ló ń rún wómúwómú, tó sì ń lẹ̀ mọ́ ìka bí ọ̀dà. Páálí fúnra rẹ̀ ò ya, kọ́ìlì náà, ìyẹn wáyà tí wọ́n wé sẹ́yìn páálí, ò jó: mo fi bátìrì 1.5 volt kàn án, páálí sì sún síwájú bó ṣe yẹ.

Ọ̀gá tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò wa ní kí n lọ ra tuntun. Èmi ò gbà. Ẹ wo bí mágnẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe wúwo tó!

Ṣé mo lè rí fóòmù tó bá a mu rà l'Álábà? Àbí kí n lo rọ́bà, tí kì í tètè jẹrà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó le jù, tí béèsì sì lè yí padà? Gọ́ọ̀mù wo lẹ ń lò? Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni bí páálí ṣe máa dúró sí àárín gan-an, kí kọ́ìlì má máa ha. Ṣé dandan ni kí n ṣí ìdérí àárín, kí n fi pépà há kọ́ìlì kó má baà yẹ̀?

Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fọ́tò sí i.