Àgádágodo àti ìdèmọ́: orúkọ wo ló yẹ DRM àti géèmù àlòkù?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àròjinlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kọ sínú àtòjọ ọ̀rọ̀ wa yìí. DRM (digital rights management) ni ìdènà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń fi sínú géèmù àti ètò kọ̀ǹpútà, kí ènìyàn má baà lò ó bó ṣe wù ú.

Àbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Àwọn kan ní ká pe DRM ní "àmójútó ẹ̀tọ́ orí ẹ̀rọ". Àwọn mìíràn ní "ìhámọ́ orí ẹ̀rọ" ló tọ́. Ẹ̀gbọ́n wa kan sì ní kí géèmù tí ẹlòmíì ti lò rí máa jẹ́ "géèmù tòkúnbọ̀". Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ tòkúnbọ̀. Màá sọ ìdí rẹ̀ níwájú. Lórí DRM fúnra rẹ̀, nǹkan méjì tí kò jọra ni wọ́n ń kó pọ̀ sábẹ́ orúkọ yẹn. Ọ̀kan kì í dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti tún géèmù rẹ̀ tà. Èkejì ló ń dí i. Bí a bá fún méjèèjì ní orúkọ kan ṣoṣo, ẹni tó bá ka Yorùbá wa kò ní mọ ohun tí àwọn ènìyàn ń bínú sí gan-an.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí nǹkan wọ̀nyí ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀rọ géèmù tí Nintendo gbé dé ọjà Amẹ́ríkà ní 1985 ní ṣíìpù kan nínú tó ń jẹ́ 10NES. Ṣíìpù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà nínú katiríìjì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ike tí géèmù wà nínú rẹ̀, tí a ń kì bọ ẹ̀rọ. Bí a bá tan ẹ̀rọ, àwọn méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí bára wọn sọ̀rọ̀. Bí ìdáhùn ṣíìpù inú katiríìjì kò bá bá èyí tí ti inú ẹ̀rọ ń retí mu, ẹ̀rọ á máa padà sí ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Iná rẹ̀ á máa tàn, á máa kú, géèmù ò sì ní ṣí. Bí ẹsẹ̀ katiríìjì bá dọ̀tí, ohun kan náà ló máa ń ṣẹlẹ̀, torí àwọn ṣíìpù ò gbọ́ra mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé géèmù náà kì í ṣe ayédèrú. Àgádágodo gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú katiríìjì. Ẹni tó bá di katiríìjì mú ló di kọ́kọ́rọ́ mú. Ẹ lè tà á, ẹ lè yá ènìyàn, ẹ lè fi tọrẹ, ẹ̀rọ ò ní béèrè orúkọ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀nà kejì kò rí bẹ́ẹ̀. Ètò tó ń ṣọ́ géèmù á ka nọ́ńbà ìṣí tó wà nínú páálí. Á wo àwọn ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà, á fi wọ́n ṣẹ̀dá àmì ìdánimọ̀ kan. Á wá fi nọ́ńbà àti àmì yẹn ránṣẹ́ sí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ń dáhùn láti ọ̀nà jíjìn. Sáfà á wò ó bóyá nọ́ńbà náà ti wà lórúkọ ẹlòmíì, tàbí bóyá iye ìgbà tí wọ́n yọ̀ǹda ti pé. Bí kò bá sí ìdíwọ́, á fi ìyọ̀ǹda tó ní òǹtẹ̀ ránṣẹ́ padà, géèmù á ṣí. Láti ìgbà náà lọ, nọ́ńbà yẹn ti di ti ẹ̀rọ yẹn tàbí ti àkáǹtì yẹn. Ilé-iṣẹ́ géèmù Electronic Arts lo irú ètò bẹ́ẹ̀, SecuROM, lórí géèmù Spore ní 2008, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni nọ́ńbà kan sì lè ṣí i, kí ariwo àwọn oníbàárà tó mú kí wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ẹni tó bá pààrọ̀ àwọn ẹ̀yà pàtàkì inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè di àjèjì lójú sáfà, kí ìṣí kan sì ti lọ. Ẹni tó bá ra àwo náà lẹ́yìn rẹ̀ lè bá òfo pàdé.

Ti géèmù Half-Life 2 tilẹ̀ yé ni jù. Inú páálí ni wọ́n ti ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù ní 2004, àwo sì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n dandan ni kí olùrà fi nọ́ńbà rẹ̀ sórí àkáǹtì Steam, ṣọ́ọ̀bù géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó tó lè ṣeré. Lẹ́yìn ìyẹn, ó lè ta àwo náà fún ẹni tó bá wù ú. Ẹni tó rà á kò ní rí géèmù ṣe, torí pé inú àwo kọ́ ni ẹ̀tọ́ àtiṣe géèmù náà wà mọ́, orí àkáǹtì ni.

Àbá tèmi nìyí. Kí gbogbo ẹ̀rọ ìdènà wọ̀nyí lápapọ̀ máa jẹ́ àgádágodo orí ẹ̀rọ. Kí irú kejì ní orúkọ tirẹ̀, ìdèmọ́, láti ara "dè mọ́". Á rọrùn láti fi sọ̀rọ̀: wọ́n dè é mọ́ àkáǹtì, wọ́n dè é mọ́ ẹ̀rọ kan, kò ní ìdèmọ́. Mo kọ́kọ́ ro "àsomọ́", ṣùgbọ́n fáìlì tí a ń fi ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì ti gba ọ̀rọ̀ yẹn, kò sì yẹ ká dà wọ́n pọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ dá àbá "ìhámọ́", mo mọ ibi tí ẹ ti mú un. Lórí lẹ́tà R tó wà láàárín DRM ni ìjà wà: àwọn ilé-iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ (rights) ló dúró fún; Free Software Foundation, ẹgbẹ́ tó ń jà fún òmìnira àwọn tó ń lo ètò kọ̀ǹpútà, tó bẹ̀rẹ̀ ìpolongo Defective by Design lòdì sí DRM ní 2006, ní ìhámọ́ (restrictions) ni. Ọkàn mi wà lọ́dọ̀ wọn. Síbẹ̀, tí a bá fi nǹkan sí àhámọ́ ní Yorùbá, inú ni a sé e mọ́, kò lè jáde. Ẹni tí DRM dí lọ́wọ́, ìta ló wà. Wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé àgádágodo sún mọ́ ọn ju ìhámọ́ lọ, kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi tàbí láre kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

"Àmójútó ẹ̀tọ́" ni mo kọ̀ pátápátá. Tí a bá ní ẹ̀rọ kan ń mójú tó ẹ̀tọ́, ohun tí òǹkàwé máa gbọ́ ni pé ibi tí òfin pín ẹ̀tọ́ sí ni ẹ̀rọ náà dúró. Irọ́ ni. Ẹ wo òfin tí mo fẹ́ kí a máa pè ní òfin àkọ́tà, bí a ṣe ń sọ pé àkọ́bí àti àkọ́so. Ní 1908, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ Amẹ́ríkà gbọ́ ẹjọ́ Bobbs-Merrill àti Straus. Ilé-iṣẹ́ náà tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á ní kò tó dọ́là 1; ṣọ́ọ̀bù Macy's ń tà á ní sẹ́ǹtì 89. Ilé-ẹjọ́ ní níwọ̀n ìgbà tí ilé-iṣẹ́ ti ta ẹ̀dà kan lẹ́ẹ̀kan, agbára rẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe máa tún ẹ̀dà yẹn tà ti tán. Ní Japan, àwọn tó ń ṣe géèmù lọ sí kóòtù pé fíìmù ni géèmù lójú òfin, àti pé oní-fíìmù ló ni àṣẹ lórí ibi tí ẹ̀dà rẹ̀ bá ń lọ. Ní 25 Oṣù Kẹrin 2002, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ibẹ̀ gbà pé lóòótọ́, fíìmù ni, ṣùgbọ́n àṣẹ yẹn ti tán lẹ́yìn àkọ́tà. Títa géèmù àlòkù bófin mu.

Ẹ wá fi ìyẹn wé ohun tí àgádágodo ń ṣe. Ní 2010, Electronic Arts bẹ̀rẹ̀ Online Pass: kóòdù kan nínú páálí tuntun, tí a lè lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó ń ṣí apá orí íntánẹ́ẹ̀tì nínú géèmù náà. Ẹni tó bá ra àlòkù á san dọ́là 10 sí i kí ó tó lè bá àwọn ẹlòmíì ṣeré. Wọ́n pa á tì ní 2013. Ní ọdún yẹn kan náà ni Microsoft kéde pé ẹ̀rọ géèmù rẹ̀ tuntun, Xbox One, gbọ́dọ̀ kàn sí sáfà lẹ́ẹ̀kan láàárín wákàtí 24, tàbí wákàtí 1 bí ènìyàn bá ń lo géèmù rẹ̀ lórí ẹ̀rọ ẹlòmíì. Géèmù orí àwo ṣeé fún ọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kan péré, fún ọ̀rẹ́ tó ti wà lórí àkójọ yín fún ó kéré tán ọjọ́ 30. Ìbínú àwọn ènìyàn pọ̀ débi pé ní 19 Oṣù Kẹfà 2013, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ padà. Kò sí kóòtù kankan nínú ìyẹn. Ilé-iṣẹ́ ló fi lélẹ̀, ilé-iṣẹ́ ló mú un kúrò. Ẹ̀tọ́ wo wá ni ẹ̀rọ náà ń mójú tó? Ó tún burú sí i: DMCA, òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti 1998 ní Amẹ́ríkà, ka jíjá àgádágodo náà fúnra rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún mẹ́ta ni ìjọba sì ń jókòó lórí ohun tí wọ́n lè yọ kúrò lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe jẹ́ ká fi orúkọ olè pe ẹni tó ra àlòkù nínú àlàyé kankan. Níbi àdàkọ, ẹ̀dà kan di méjì. Níbi àtúntà, ẹ̀dà kan náà ló kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Ilé-ẹjọ́ Ìdájọ́ ti Yúróòpù dì í mú bẹ́ẹ̀ nínú ẹjọ́ UsedSoft àti Oracle ní 3 Oṣù Keje 2012: ètò kọ̀ǹpútà tí a gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣeé tún tà, bí ìyọ̀ǹda rẹ̀ kò bá ní ọjọ́ òpin, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tà á gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀dà ọwọ́ tirẹ̀ di aláìṣeélò lásìkò tó ń tà á. Ìdájọ́ yẹn kò tíì gba géèmù là. Ilé-ẹjọ́ kan ní Paris sọ ní 2019 pé géèmù orí Steam ṣeé tún tà. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ibẹ̀ yí i padà ní 2024.

Ó ku tòkúnbọ̀. Ọ̀nà tí ọjà gbà wá ni ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ: ó ti òkun bọ̀. Géèmù tó kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀ kò rí òkun. Àlòkù ni ká mú. Àwọn kan ti ní géèmù kì í gbó, pé kò sí ohun tó kù nínú ìlò rẹ̀. Àwo ń họ, ṣùgbọ́n ẹ fi ìyẹn sílẹ̀; páálí tí ẹni àkọ́kọ́ ti lo kóòdù Online Pass rẹ̀ tán, kí ló tún lè jẹ́ bí kò ṣe àlòkù?

Ọ̀rọ̀ "rà" ló ṣòro jù fún mi. Ní Yorùbá, ohun tí mo bá rà ti di tèmi. Ṣùgbọ́n ní 2010, nínú ẹjọ́ Vernor àti Autodesk, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan ní Amẹ́ríkà ní bí ìwé àdéhùn bá sọ pé ìyọ̀ǹda lásán ni, tó dín agbára àtifún ẹlòmíì kù, tó sì fi ìkálọ́wọ́kò sórí ìlò, ẹni tó sanwó kì í ṣe oní-nǹkan, òfin àkọ́tà kò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní 31 Oṣù Kẹta 2024, ilé-iṣẹ́ Ubisoft pa sáfà géèmù rẹ̀ The Crew. Géèmù náà kò ṣí mọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan àwọn tí àwo rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Láti 1 Oṣù Kìíní 2025, òfin California tó ń jẹ́ AB 2426 kò jẹ́ kí ọlọ́jà kọ "rà" sára bọ́tìnnì láìjẹ́ pé ó sọ ọ́ kedere pé ìyọ̀ǹda ni oníbàárà ń gbà. Ohun tí a lè gbà sórí ẹ̀rọ, ká sì máa lò ó títí láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí lábẹ́ òfin náà. Àwọn kan fẹ́ kí a lo "yá" dípò rẹ̀. Kò bá a mu, torí ohun tí a yá ní ọjọ́ ìdápadà. Mo ní ká máa kọ ọ́ ní ra ìyọ̀ǹda ìlò, ká sì fi "ra géèmù" sílẹ̀ fún èyí tí kò ní ìdèmọ́.

Mo fi káàdì kọ́kọ́rọ́ tí Nintendo mú wá pẹ̀lú ẹ̀rọ géèmù Switch 2 ní 2025 dán àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wò. Géèmù kò sí nínú káàdì náà. Ẹ ó kì í bọ ẹ̀rọ, ẹ ó gba odindi géèmù láti orí íntánẹ́ẹ̀tì sínú ibi ìpamọ́ ẹ̀rọ, káàdì sì gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀rọ nígbàkigbà tí ẹ bá ń ṣeré. Kò dè mọ́ àkáǹtì, nítorí náà ó ṣeé tà, ó ṣeé yá ènìyàn. Àgádágodo wà, ìdèmọ́ kò sí. Ṣùgbọ́n bí sáfà bá ti kú kí ẹni kẹta tó rà á, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ohun tó máa fi ṣí. Èyí kì í ṣe ìdèmọ́, kì í sì í ṣe àgádágodo. Mo ti gbìyànjú "ìgbójúlé-sáfà", ó gùn, kò sì dùn lẹ́nu. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀rọ̀ ṣẹ̀dá jù mí lọ, èyí ni mo fẹ́ kí ẹ bá wa wá orúkọ fún kí a tó kọ ọ́ sínú àtòjọ.