Corolla wa ti dẹnu kọlẹ̀, èló ló yẹ ká tà á fún onírin?

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ojúmọ́. Corolla 2003 bàbá wọn ti dẹnu kọlẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ẹ́ńjìnì ti nọ́ọ̀kì, gíà ṣì dára, ìdí ilẹ̀kùn ti dípẹtà. Onírin kan kàn fojú díwọ̀n rẹ̀, ó pe iye tí kò tẹ́ mi lọ́rùn, ó sì fẹ́ wọ́ ọ lọ lójú ẹsẹ̀. Kí ni wọ́n ń wò gan-an kí wọ́n tó dá iye lé e?

Wasiu Mẹkáníìkì: Ẹ kú àárọ̀, mà. Ẹ má tíì gbowó rẹ̀ o. Ọkọ̀ yẹn lé ní 1,000 kílò, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ló jẹ́ irin. Orí òṣùwọ̀n ló yẹ kó gbé e sí. Àmọ́ ibi tí owó wà kọ́ nìyẹn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀: lára páìpù tó ń gbé èéfín lọ sí sàlẹ́ńsà, nǹkan kan wà tó wú bí ikùn ejò tó gbé eku mì. Catalyst nìyẹn, òun ló ń dín oró inú èéfín kù. Platinum, palladium àti rhodium wà nínú rẹ̀, wọ́n sì wọ́n ju irin lọ fíìfíì. Àwọn kan máa ń gé e lọ, wọ́n á fi páìpù lásán jó o. Tó bá ṣì wà, ẹ má jẹ́ kó bá irin lọ. Gíà náà, ẹ tà á bíi gíà. Corolla pọ̀ nígboro, ẹ̀yà ara rẹ̀ ń yá tà.

Alhaji Onírin: Òótọ́ ni Wasiu sọ, àmọ́ ẹ má tú u tán. Tó bá ku páńẹ́ẹ̀lì lásán, ta ló máa náwó ọkọ̀ akẹ́rù wá gbé e? Owó gbígbé rẹ̀ wà nínú iye tí a bá pè. Owó irin náà kì í dúró sójú kan, ohun tí ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ irin bá ń san là ń tẹ̀ lé. Ẹ bi ẹni mẹ́ta lọ́jọ́ kan náà.

Síkẹ́: Ìwé ọkọ̀ ńkọ́? Tí kò bá sí, ẹni gidi ò ní fọwọ́ kàn án, ẹ̀rù ọkọ̀ olè ń bà wọ́n. Ẹ kọ nọ́ńbà ṣáṣí sínú ìwé tí ẹ máa fi tà á, kí ẹ sì yọ nọ́ńbà ọkọ̀ kó tó kúrò nílé.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé gan-an, ìwé rẹ̀ pé. Mo ti wo abẹ́ rẹ̀, catalyst wà níbẹ̀! Wasiu, ẹ́ńjìnì tó ti nọ́ọ̀kì ńkọ́?

Wasiu Mẹkáníìkì: Ó ṣì lówó lórí, mà. Alumíníọ̀mù ni bílọ́ọ̀kù rẹ̀, kì í ṣe irin. Ẹ ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n lọ́tọ̀.