"Aságbó" kẹ̀? "Sá" yẹn ò bá a mu

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ìtumọ̀, àmọ́ "aságbó" tí ẹ ṣẹ̀dá fún coureur des bois (àwọn Faransé tó ń wọgbó Kánádà lọ ṣòwò awọ ẹran láyé àtijọ́) yìí ò wọ̀ mí létí rárá. Mo mọ̀ pé courir (sáré, lédè Faransé) lẹ rí tẹ́ ẹ fi mú "sá". Tẹ́ ẹ bá sọ fún ọmọ Yorùbá pé lágbájá ságbó, ohun tó máa bi yín ni pé kí ló jí. Àwọn Faransé ń fi courir pe ká rìn kiri, "sá" tiwa ò débẹ̀.

Àbúrò kan dáhùn lánàá pé ó bá a mu, torí láti 1681, ìwé àṣẹ 25 péré ni ọba Faransé fọwọ́ sí lọ́dún, ẹni tí ò bá ní in tó wọgbó lọ ṣòwò, arúfin ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Radisson àti Groseilliers, oníṣòwò Faransé méjì tí wọ́n lọ sí adágún Superior láìgbàṣẹ ṣáájú ìgbà yẹn, àwọn fúnra wọn ló kó ọjà padà wálé ní 1660, gómìnà gba lára ẹ̀, ó tún bu owó ìtanràn lé wọn. Ṣé ẹni tó sá ló ń gbẹ́rù bọ̀ wá bá gómìnà?

Alájàpá ni wọ́n jàre! Ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀ ẹ̀ ń rọ òmíràn. Àwọn Cree àtàwọn Ojibwe, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, ló sábà ń pa bífà (ẹran kan bí ọ̀yà tó ń gbénú omi), àwọn Faransé á kó ìkòkò, àáké àti kúbùsù lọ fi pààrọ̀. Ìyá wa àgbà ṣe àjàpá láti Ìwó sí Ìbàdàn, ó ń sùn sọ́dọ̀ olóko, ó mọ orúkọ ọmọ wọn. Àwọn Faransé yìí tiẹ̀ ń fẹ́yàwó lọ́dọ̀ àwọn onílẹ̀, àtọmọdọ́mọ wọn ni Métis.

Ẹni tó ní àjàpá ò yẹ ọkùnrin, kó wo ibi tí ọkọ̀ ojú omi wọn ò ti lè kọjá: ẹrù bíi kílò 40, méjì lẹ́ẹ̀kan, okùn awọ tí wọ́n gbé kọ́ iwájú orí ni, kò sí òṣùká.

Ẹ tún kọ "oníṣòwò awo", láìsí àmì nísàlẹ̀. Ṣé babaláwo ni wọ́n ni? Tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ fàmì sí i, awọ bífà gan-an kọ́ làwọn oníṣẹ́ fìlà ní Yúróòpù ń wá nígbà yẹn, irun múlọ́múlọ́ tó sá pamọ́ sábẹ́ èyí tó gùn ni (ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ irun abẹ́ o). Awọ tí àwọn onílẹ̀ ti fi bora títí tí irun gígùn ẹ̀ fi já dànù, tó ti mu òróró ara, òun ni wọ́n ń wá jù.

Ẹni tó ní bàbá òun tíṣà Yorùbá sọ pé "sá" ò ní ju ìtumọ̀ kan lọ, kó lọ bi ẹni tó ń sá èlùbọ́.

Voyageur (àwọn tí wọ́n háyà láti fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹrù òwò yẹn) wá ńkọ́? Ẹ má tíì kọ "awakọ̀" sílẹ̀ o, wọ́n á rò pé dánfó ni.