Ẹ̀fọ́rí tó ń lọ bí mo bá dùbúlẹ̀, tó ń padà bí mo bá dìde

Ìyá Ọmọ Tuntun:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọjọ́ karùn-ún rè é tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí mi. Abẹ́rẹ́ inú ọ̀pá ẹ̀yìn, tí kì í jẹ́ kí ìsàlẹ̀ ara mọ ìrora, ni wọ́n fún mi. Láti ọjọ́ kejì ni orí ti ń fọ́ mi lọ́nà tí n kò rí rí. Bí mo bá dùbúlẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí. Ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó láti fún ọmọ lọ́mú, kí ó tó mu ún yó, ọrùn mi á ti le, etí mi á máa hó, èébì á sì máa gbé mi. Màmá ọkọ mi ní ibà ni, wọ́n sì ti gbé àgbo kaná. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni èyí?

Nọ́ọ̀sì Yàrá Iṣẹ́ Abẹ:
Ẹ kú ewu ọmọ. Ohun tí ẹ sọ nípa ìdùbúlẹ̀ àti ìjókòó yẹn gan-an ni kókó ọ̀rọ̀. Omi kan ló yí ọpọlọ àti mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn ká, tó gbé ọpọlọ léfòó; ó tó nǹkan bí 150 mílílítà nínú àgbàlagbà. Bí abẹ́rẹ́ bá lu awọ tó gbá omi náà mọ́ra, tí ojú ihò náà kò sì tètè dí, omi á máa jò, tí ẹni náà bá sì dìde, ọpọlọ á rọra sọ̀ kalẹ̀, á máa fa awọ tó bò ó. August Bier, oníṣègùn ará Jámánì tó bẹ̀rẹ̀ lílo abẹ́rẹ́ yìí ní 1898, jìyà ẹ̀fọ́rí kan náà lẹ́yìn tó ní kí wọ́n dán an wò lára òun.

Ẹ padà sí ilé ìwòsàn lónìí. Kí wọ́n kọ́kọ́ wọn ìfúnpá yín, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru lẹ́yìn ìbímọ náà a máa fa ẹ̀fọ́rí, ó sì lè mú gìrì wá. Bí ojú bá ń ṣú, tàbí tí orí kò dẹ̀ mọ́ bí ẹ tilẹ̀ dùbúlẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá yín nílé.

Ìyá Ìbejì:
Ó ṣe mí rí. Mo mu omi, mo mu kọfí, mo lo pánádóòlù, kò lọ. Ìgbà tó yá, dókítà fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti apá mi, tí kò ju 20 mílílítà lọ, ó sì rọra fi abẹ́rẹ́ tì í sí ẹ̀yìn mi, nítòsí ibi tí ti àkọ́kọ́ gbà wọlé, kí ó lè dì mọ́ ihò náà bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dì lójú ọgbẹ́. Lẹ́yìn wákàtí méjì, mo jókòó, mò ń retí kí orí náà dé. Kò dé. Omi ni mo fi ojú sun. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, n kò gbé korobá omi, n kò bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀. Ìdùbúlẹ̀ ni mo ti ń fún wọn lọ́mú.

Ará Peckham:
Ẹnikẹ́ni kò gún tèmi lábẹ́rẹ́. Awọ náà ya fúnra rẹ̀ ni. Ọdún kan ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀fọ́rí túúlu kí àwòrán MRI tó fi hàn pé omi ń jò. Ẹ sọ fún dókítà yín bí ó ṣe ń lọ tí ẹ bá dùbúlẹ̀, kí ẹ má kàn ní orí ń fọ́ yín.

Ìyá Ọmọ Tuntun:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ sí màmá létí. Àwọn fúnra wọn ló ń pọn ọmọ báyìí. A ti ń lọ.