Wákàtí mélòó ni Èkó sí London gan-an?

Ìyá Ìbejì (Leeds): Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Màmá mi ń bọ̀ lóṣù Kejìlá, ẹ̀ẹ̀kíní tí wọn yóò wọ bàlúù nìyẹn. Tíkẹ́ẹ̀tì ní wọ́n á kúrò ní Èkó ní 11:00 alẹ́, wọ́n á dé Heathrow, pápákọ̀ òfurufú London, ní 4:40 ìdájí. Wákàtí 5 àti ogójì ìṣẹ́jú. Ìgbà tí wọ́n bá ń padà sílé ńkọ́? 10:30 àárọ̀ sí 6:00 ìrọ̀lẹ́, wákàtí 7 ààbọ̀! Ṣé eléyìí tó ń bọ̀ yára ju ìkejì lọ ni? Ẹsẹ̀ wọn máa ń wú bí wọ́n bá jókòó pẹ́, ìdí tí mo fi ń bèèrè nìyẹn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Peckham): Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìtọ́jú màmá. Aago ló yàtọ̀, kì í ṣe eré. Aago ìlú tí bàlúù ti gbéra àti ti ìlú tó balẹ̀ sí ni wọ́n ń kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì. Nàìjíríà kì í yí aago padà. Àwọn ará ibí ló ń dá tiwọn sẹ́yìn ní Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá, wọ́n á tún sún un síwájú ní èyí tó kẹ́yìn oṣù Kẹta. Ní Kejìlá, Èkó fi wákàtí kan ṣáájú wa. Ẹ fi wákàtí kan kún àkọ́kọ́, ó di wákàtí 6 àti ogójì ìṣẹ́jú. Ẹ yọ ọ̀kan nínú ìkejì, ó di wákàtí 6 ààbọ̀. Ká ní oṣù Keje ni, aago méjèèjì ì bá dọ́gba.

Bàbá Àjọkẹ́ (New York): Lọ́dọ̀ tiwa, eré wà níbẹ̀ lóòótọ́. JFK, pápákọ̀ òfurufú wa níbí, sí Èkó tó bíi 8,400 kìlómítà, atẹ́gùn líle kan sì ń fẹ́ lókè láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Bí a bá ń lọ sílé, ó ń tì wá lẹ́yìn, bíi wákàtí 10. Bí a bá ń bọ̀, ó ń kọjú sí wa, a máa ń lò ju 11 lọ. Èkó sí London ò rí bẹ́ẹ̀. Bíi 5,000 kìlómítà ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbọọrọ láti gúúsù sí àríwá.

Ọmọ Ìbàdàn (Milton Keynes): Ẹ ṣeun tí ẹ ra tààrà fún wọn. Èmi ra èyí tó gba Addis Ababa ní Ethiopia fún bàbá mi nítorí owó, n kò wo máàpù. Ọ̀nà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì! Casablanca ní Morocco ì bá sàn, torí kò fi bẹ́ẹ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà. Ẹ tún máa yẹ àsìkò wò lọ́jọ́ náà gan-an. Ní oṣù Kẹjọ 2023 tí orílẹ̀-èdè Niger ti ojú òfurufú wọn pa, àwọn bàlúù tó ń ná Èkó sí London ní láti yí gba ibòmíràn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Peckham): Ti ẹsẹ̀ wíwú: ẹ gba ìjókòó etí ọ̀nà fún wọn kí wọ́n lè máa dìde rìn, kí ẹ sì tètè bèèrè wheelchair, ó pẹ́ tán ọjọ́ méjì ṣáájú. Màmá tèmi bọ́ bàtà nínú bàlúù, nígbà tí wọ́n balẹ̀, bàtà ò wọlé mọ́. Sálúbàtà ni wọ́n fi jáde síta nínú òtútù oṣù Kìíní.

Ìyá Ìbejì (Leeds): Háà! Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ń rò pé ká ti dé Heathrow ní 4:00.

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Peckham): Rárá o. Ìwé ìrìnnà ń bẹ níwájú, ẹrù ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ó máa pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó yọ sí yín.

Ìyá Ìbejì (Leeds): A óò kúrò nílé ní 1:30 òru nígbà náà. Kóòtù wọn àti ìbọ̀sẹ̀ nínípọn á wà lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà.